Mo na ọmọ tí ò rí pátákó (TP l'Ógbómọ̀ṣọ́)

Àdùkẹ́TP · Ọjọ́ Ẹtì, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà àti ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà níbí. Ọ̀yọ́ ni mo ti ń ṣe NCE, ìwé-ẹ̀rí tíṣà, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n pín mi sí fún TP, ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ tíṣà. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba ni, kò jìnnà sí Sábó. Pírámárì 4 ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́, ọmọ méjìlélọ́gọ́ta. Bẹ́ǹṣì ò kárí, àwọn kan ń gbé ìwé lé orúnkún kọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ń tì mí lójú. Lọ́jọ́ Ajé, mo na ọmọkùnrin kan lẹ́gba mẹ́ta lọ́wọ́. Àfín ni. Ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí. Mo kọ ìṣirò mẹ́wàá sí pátákó, mo ní kí wọ́n dà á kọ. Nígbà tí mo gba ìwé tiẹ̀, 43 ti di 48, 30 ti di 80, ìlà kan sì ti gun orí ìlà kejì. Mo ní, "O ò fojú sí i." Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi gan-an nìyẹn. Ọmọ náà ò fèsì. Ó na ọwọ́, mo nà án.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, mo ń rìn káàkiri bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé, mo wá rí i pé kì í tiẹ̀ wo pátákó. Ìwé ọmọ tó jókòó tì í ló ń wò, ó sún imú mọ́ ọn débi pé íńkì bíró ti kùn ún nímú. Mo wo ìwé ọmọ kejì yẹn dáadáa. Òun ló ń kọ 3 tó ń dà bí 8! Ó mọ ohun tó kọ ní tiẹ̀, ó sì ń gbà á. Àfín tó ń wò ó kọ ni kò mọ̀. Àṣìṣe tí mo torí ẹ̀ nà án, ti ẹlòmíì ni.

Wọ́n kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì pé ọmọ ò rí bákan náà, kí tíṣà máa fi ara ẹ̀ sí ipò wọn. Mo gba 68 nínú kọ́ọ̀sì yẹn o.

Ẹnì kejì tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ọmọbìnrin Fúlàní kan tó ń ti gáà wá. Kò sọ́jọ́ tí kì í pẹ́. Àwọn tó bá pẹ́ máa ń kúnlẹ̀ lẹ́nu géètì, lẹ́yìn náà wọ́n á gbálẹ̀. Ìṣirò la máa ń kọ́kọ́ ṣe láàárọ̀, nítorí náà, láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti dé, kò tíì ṣe ìṣirò pẹ̀lú wa rí. Ẹ jọ̀ọ́, ká ní ẹ̀yin ni, kí lẹ máa ṣe?

Gbólóhùn · Ọjọ́ Ẹtì, 9:30 alẹ́

Bí a bá fẹ́ fi ọ̀pá gún ọmọ ẹyẹ, ká kọ́kọ́ fi gún ara wa wò.

Àdùkẹ́TP · Ọjọ́ Ẹtì, 9:34 alẹ́

Wọ́n fi ọ̀dà búlúù kọ òwe yẹn sára ògiri kíláàsì wa. Abẹ́ ẹ̀ gan-an ni mo dúró sí tí mo fi nà án.

BàbáKíláàsì · Ọjọ́ Ẹtì, 10:03 alẹ́

Àdùkẹ́, o ṣeun tó o sọ òótọ́. Ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n mi rèé nídìí iṣẹ́ yìí, kò sì sí tíṣà tí kò tíì na ọmọ ṣì rí. Ẹni tó bá ní òun ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ẹ má gbà á gbọ́.

Àmọ́ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọmọ 62, ìṣẹ́jú 35. Bó o bá ní kó o fi ìṣẹ́jú kan wo ẹnì kọ̀ọ̀kan, agogo á ti lù kó o tó kárí wọn. Àwọn tó ń kọ ìwé pé kí tíṣà mọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, kíláàsì ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ní lọ́kàn. Gbé àfín yẹn wá síwájú, ó parí. Ní ti ọmọ tó ń pẹ́, bó o bá yọ̀ǹda fún ẹyọ kan lónìí, ogún ni wọ́n máa pẹ́ lọ́la. Òfin ni òfin. Àánú tìẹ máa tán nígbà tí TP bá tán, àwa la máa kó ohun tó bá fọ́.

ÌyáÀfínMéjì · Ọjọ́ Ẹtì, 10:41 alẹ́

Kò parí o, sà. Ẹ máa bínú. Ọmọ méjì tí mo bí ló jẹ́ àfín, mo mọ ohun tí mo ń sọ.

Àdùkẹ́, ojú àfín kì í ṣe ojú tí wọ́n máa ra gíláàsì fún kó sì dá ṣáṣá. Èròjà tó ń fún ara àti irun láwọ̀ ni kò tó lára wọn, ojú náà sì nílò èròjà yẹn. Ẹyinjú wọn máa ń gbọ̀n fúnra ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń gún un. Gíláàsì á ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, kò lè sọ ọ́ di ojú tìẹ. Bó o bá gbé e wá síwájú tó wá kọjú sí ẹnu ọ̀nà tí oòrùn ń gbà wọlé, ìyà lo kàn gbé láti ẹ̀yìn wá síwájú. Jẹ́ kí fèrèsé wà lẹ́yìn ẹ̀. Kọ̀wé gàdàgbà. Pátákó yín ńkọ́, ṣé ó ṣì dúdú, àbí ó ti ṣí? Ibi tó bá ti ṣí, ṣọ́ọ̀kì funfun ò lè hàn níbẹ̀. Kí o sì máa kà á sókè bó o ṣe ń kọ ọ́. Ìyẹn ò ná ẹ ní kọ́bọ̀, àwọn mọ́kànlélọ́gọ́ta tó kù á sì jàǹfààní ẹ̀.

Jọ̀ọ́, wo ọ̀rọ̀ àsẹ́ńbílì náà. Bí ọmọ yẹn bá ń dúró nínú oòrùn láìdé fìlà, awọ ara ẹ̀ ló ń jó yẹn. Ó lè di jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú. Ilé-ìwé táwọn tèmi lọ, wọ́n ní fìlà kì í ṣe ara yunifọ́ọ̀mù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó gbà.

Ohun kan tó tún ṣe pàtàkì sí mi ju gbogbo ìyẹn lọ: má pè é jáde o. Tíṣà àkọ́bí mi, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, pè é síwájú, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa ṣàánú ẹ̀, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn." Kó tó di aago ìsinmi, orúkọ ẹ̀ ti di "Ẹ-ṣàánú-ẹ̀". Yunifásítì ló wà báyìí, àwọn tí wọ́n jọ ṣe pírámárì ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀ ní gbangba ọjà.

Tiwọn náà tún ni ti iyọ̀. Wọ́n ní àfín kì í jẹ iyọ̀, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò jẹ́ kó bu ìrẹsì òun, kó má bàa kú sí wọn lọ́rùn. Ọmọ tó ń bu iyọ̀ sí mọ́ínmọ́ín lẹ́ẹ̀kejì nílé mi!

Akẹ́kọ̀ọ́ÀkànṣeỌ̀yọ́ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:50 àárọ̀

Àdùkẹ́, ṣebí Ọ̀yọ́ lo wà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó wà fún ẹ̀kọ́ àkànṣe wà níbẹ̀ láti 1977, èmi ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Tó o bá padà wálé, yà wá, wàá rí àwọn tó máa fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn ẹ́. Àwa máa ń ṣàwàdà pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yòókù rò pé ọmọ tó ní ìpèníjà á máa lọ sí ilé-ìwé tiwọn. Kíláàsì yín ni wọ́n wà o. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019 tiẹ̀ ní wọn ò gbọdọ̀ ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀, ẹ̀kọ́ wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ títí dé sẹ́kọ́ńdìrì. Ibi tí òfin yẹn dúró sí kí ó tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò mọ̀.

Oko_Lọlá · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:15 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ àfín, mo gbà. Ti Fúlàní yẹn ni mi ò rí gbé mì. Ẹ wá wo oko ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ́nà Ìkòyí-Ilé. Ẹ̀gẹ́ tó gbìn pẹ̀lú owó àjọ, màlúù wọ̀ ọ́ lóru, ó kù díẹ̀ kí bàbá yẹn ya wèrè. Kò sẹ́ni tó bá wa kẹ́dùn, kò sẹ́ni tó sanwó. Ẹ wá ní ká máa ro ti ọmọ wọn tó ń pẹ́ lẹ́yìn. Ta ló ń ro tiwa?

Àdùkẹ́TP · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:22 àárọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run á fi èrè mìíràn rọ́pò. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni.

Oko_Lọlá · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:25 àárọ̀

Mo mọ̀. Mo kàn ń sọ bó ṣe ń ṣe mí ni.

BàbáKùmásì · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:47 àárọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èmi náà fẹnu sí i.

Kumasi ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, aṣọ ló ń tà. Ẹ̀yin èwe òde òní lè má mọ̀, ṣùgbọ́n láyé ìgbà yẹn, kò sí agbo-ilé kan l'Ógbómọ̀ṣọ́ tí kò ní èèyàn ní Gánà. Kumasi, Tamale, ibi gbogbo. Àwọn onílé ń pè wá ní Alátà. Bí nǹkan bá wọ́n lọ́jà, Alátà ló fà á. Bí wọ́n bá jalè, ẹ lọ wo ilé Alátà. Oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà yẹn, wá pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì, fún ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún. Bàbá mi fi ìdajì ọjà sílẹ̀ fún ẹni tó ní òun á máa fi owó ẹ̀ ránṣẹ́. Títí tó fi kú, kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tá a dé. Yorùbá tí mo gbọ́ ò ju ti inú ilé lọ, "wá jẹun", "má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́". Twi la fi ń ṣeré. Wọ́n fi mí sí pírámárì 2 níbí. Ní ọjọ́ kejì, tíṣà ní kí n dìde kí n ka òǹkà. Ẹ̀rù bà mí, mo ní, "Baako, mmienu, mmiɛnsa." Kíláàsì fọ́n ká sẹ́rìn-ín. Ní Kumasi, Alátà ni mí. Ní ìlú bàbá mi, mo di "Gánà".

Tíṣà yẹn kò ní kí wọ́n dákẹ́. Kò ní kí wọ́n ṣàánú mi. Ó ní kí n kà á dé mẹ́wàá, ó sì ń kọ ọ́ sí pátákó bó ṣe ń bọ́ sí i létí. Lẹ́yìn náà, ó ní ẹni tó bá lè kà á tán láìwo pátákó ló máa kọ́kọ́ lọ sílé. Èmi nìkan ló kọ́kọ́ lọ sílé. Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń tẹ̀lé mi lẹ́yìn pé kí n kọ́ àwọn.

Nígbà tí Nàìjíríà náà wá lé àwọn ará Gánà ní 1983, ọ̀pọ̀ èèyàn jáde lọ wòran. Mi ò lè jáde.

Oko_Lọlá, ohun tí màlúù ṣe yín dun èmi náà. Èmi kàn mọ bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá ń gba gbèsè àgbàlagbà lọ́wọ́ ọmọ pírámárì.

Oko_Lọlá · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:10 ọ̀sán

Mo gbọ́ yín, bàbá. Inú ẹ̀gẹ́ yẹn ṣì ń bí mi o.

BàbáKùmásì · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:14 ọ̀sán

Ó yẹ kó bí yín.

OjúÌwé · Ọjọ́ Àìkú, 4:20 ìrọ̀lẹ́

Ìtàn bàbá yìí ló jẹ́ kí n rò pé ọ̀rọ̀ èdè lọ̀rọ̀ ọmọ gáà yẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti fi hàn wá láti 1970, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pírámárì kan láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn rárá, wọ́n tún ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá fọwọ́ sí i ní 2022 pé kí wọ́n máa fi èdè ìyá kọ́ àwọn ọmọ pírámárì, kí wọ́n tó wá fagi lé e ní 2025.

Ṣùgbọ́n tí a bá ní "èdè ìyá", ìyá ta ni? L'Ógbómọ̀ṣọ́, ìyá tiwa là ń sọ. Fúlfúldé ni ọmọ yẹn ń gbọ́ nílé. Àfàìmọ̀ ni kì í ṣe pé kò gbọ́ ohun tí ò ń sọ ló ń jẹ́ kó máa fà sẹ́yìn. Àdùkẹ́, wá ẹni tó gbọ́ èdè wọn ní Sábó kó bá ẹ bá a sọ̀rọ̀.

Àdùkẹ́TP · Ọjọ́rú, 8:55 alẹ́

Ẹ má bínú pé ẹ ò gbúròó mi. Lẹ́ẹ̀sìn nóòtì ni.

OjúÌwé, mo wá ẹni tó gbọ́ Fúlfúldé lóòótọ́, ìyá kan tó ń ta fùrá. Mo ní kó wá bá mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bí mo ṣe pe ọmọ yẹn, tí ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Fúlfúldé, ọmọ yẹn wo èmi, ó wo ìyá náà, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin ò gbọ́ Yorùbá ni?" Ìyá onífùrá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ọmọ yẹn gbọ́ Yorùbá ju èmi lọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí i sí, ó tiẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bíi tiwọn níbí. Èmi tí mo ń sọ ti Ọ̀yọ́ ni àlejò.

Mo wá béèrè ohun tó yẹ kí n ti béèrè láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn: kí ló ń mú ẹ pẹ́? Ó ní òun máa ń bá màmá òun ru wàrà dé Tàkíé kó tó di pé àwọn oníbàárà àárọ̀ lọ tán. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni òun fi ń rìn wá. "Àgbá wàrà méjì ni, Àǹtí, màmá mi gbé àbúrò mi." Mo ní aago mélòó lo máa ń dé? Ó ní agogo àsẹ́ńbílì máa ń sẹ̀sẹ̀ lù ni. Mo ní kì í ṣe irọ́? Mo lọ dúró ní géètì láàárọ̀ òní. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méje ló wọlé. Ó kúnlẹ̀, ó gbá iwájú ọ́fíìsì, ó gbá abẹ́ igi máńgòrò, ó lọ da ilẹ̀ nù. Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú márùn-ún ló wọ kíláàsì.

Ìṣẹ́jú méje ló pẹ́. Àwa la bá a fi ogójì ìṣẹ́jú àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un.

BàbáKíláàsì · Ọjọ́rú, 9:20 alẹ́

Hmm.

Ó dáa, mi ò yí ohùn padà lórí òfin. Ẹni tó bá pẹ́, kó gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ní àárọ̀ ni kó gbá a? Sọ fún ọ̀gá yín pé kí àwọn tó bá pẹ́ máa gbálẹ̀ nígbà ìsinmi. Ilẹ̀ á mọ́, òfin á dúró, ọmọ á ṣe ìṣirò. Má sọ pé TP ló wí o, sọ pé tíṣà àgbà kan ló gbà ẹ́ nímọ̀ràn. Wọ́n á tètè gbọ́.

Èmi náà á wo ti ilé-ìwé wa lọ́la.

ÌyáÀfínMéjì · Ọjọ́rú, 9:31 alẹ́

Ẹ ṣeun, sà. Ọmọ tèmi ńkọ́, Àdùkẹ́?

Àdùkẹ́TP · Ọjọ́rú, 10:02 alẹ́

Mà, tiyín ló kọ́kọ́ bọ́ sórí, lẹ́yìn náà ló tún yí. Mo ti ra ọ̀dà dúdú kékeré, ọkọ ìyá onílé mi bá mi kun àárín pátákó. Mo ń kọ̀wé bí ẹni ń kọ ọ́ sára ọkọ̀ akẹ́rù. Mo ń kà á sókè. Fìlà, ọ̀gá ní kó dé e, wọn ò tiẹ̀ bá mi jiyàn.

Ibi tó ti yí ni ìjókòó. Mo rọra sọ fún un nígbà ìsinmi pé kó máa bọ̀ níwájú. Ó ní rárá. Mo ní kí ló dé? Kò sọ̀rọ̀. Mo rò pé ìtìjú ni, mo rántí "Ẹ-ṣàánú-ẹ̀" tẹ́ ẹ sọ, mo fi í sílẹ̀. Ìgbà tó yá ló wá bá mi fúnra ẹ̀, ó ní ọ̀rẹ́ òun kò ní sí níwájú. Ọ̀rẹ́ tí mò ń wí yìí ni ọmọ tó ń kọ 3 bí 8. Ẹ ò rí i, ọmọ yẹn ni pátákó ẹ̀ láti pírámárì 2. Òun ló sì ń jẹ́ kó bu ìrẹsì òun, iyọ̀ tòun ti iyọ̀.

Mo gbé àwọn méjèèjì wá síwájú, fèrèsé wà lẹ́yìn wọn. Olùbẹ̀wò láti kọ́lẹ́ẹ̀jì wá lónìí, wọ́n yọ máàkì mi nítorí pé ìjókòó ò tò, ọmọ gíga wà níwájú ọmọ kúkúrú. Wọ́n tún ní mò ń pariwo bí mo bá ń kọ̀wé sí pátákó. Mo fẹ́ ṣàlàyé, wọ́n ti dìde.

Bí a bá ti jẹun tán lọ́sàn-án, mo ń kọ́ ọ̀rẹ́ yẹn bí wọ́n ṣe ń kọ 3.

ÌyáÀfínMéjì · Ọjọ́rú, 10:11 alẹ́

Má da máàkì rò. Ó ku ìbéèrè kan: ṣé o ti bẹ̀ ẹ́?

BàbáKíláàsì · Ọjọ́rú, 10:15 alẹ́

Tíṣà kì í bẹ ọmọ pírámárì o.

Àdùkẹ́TP · Ọjọ́rú, 10:23 alẹ́

Mo bẹ̀ ẹ́, sà. Ẹ fojú fo èyí. Mo ní kó má bínú fún ẹgba ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Àǹtí, tiyín ò dùn tó ti tíṣà pírámárì 3."